Tẹ́mpìlì Mọ́mọ́nì ní ìpínlẹ̀ Utah: èwo ni àlejò lè wọ̀, kí ló sì dé tí ti Salt Lake fi wà ní títì?

Ọmọ Ìrágbìjí béèrè:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ tẹ́mpìlì ìjọ Mọ́mọ́nì ní ìpínlẹ̀ Utah, ní Amẹ́ríkà, ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi tú. Àwa mẹ́rin fẹ́ lọ wò wọ́n, ọjọ́ márùn-ún péré la ní, mọ́tò àyálò la ó sì lò. Ohun tí mò ń kà kò bára mu. Ẹnì kan ní kò sẹ́ni tí kò lè wọlé. Ẹlòmíì ní bí ènìyàn kì í bá ṣe ọmọ ìjọ, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti padà. Wọ́n tún ní ti Salt Lake City, èyí tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò rẹ̀, ti wà ní títì láti ìparí ọdún 2019. Ṣé ó fẹ́ wó ni? Ilé tí wọ́n fi ogójì ọdún kọ́, kí ló tún ṣe é? Mélòó gan-an ni tẹ́mpìlì tó wà ní ìpínlẹ̀ náà, èwo ló sì tó ohun tí ènìyàn ń wa mọ́tò wákàtí mẹ́rin lọ wò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "ó rẹwà púpọ̀" dá mi lóhùn. Iye, ọ̀nà àti ìdí ni mo ń wá.

Ìyá Sandy:

Ọmọ Ìrágbìjí, ẹ kú ìmúra ìrìn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ilé méjì sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilé ìsìn ọjọ́ Àìkú ọ̀tọ̀, tẹ́mpìlì ọ̀tọ̀.

Ilé ìsìn wà ní gbogbo àdúgbò ní Utah. Bíríkì ni wọ́n sábà fi ń kọ́ ọ, ó ní ilé ṣóńṣó tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí, kò sì ní àgbélébùú. Ìjọ àdúgbò kan ni wọ́n ń pè ní wọ́ọ̀dù; wọ́ọ̀dù méjì tàbí mẹ́ta lè máa pín ilé kan lò, bí èyí bá jáde, ìyẹn á wọlé. Wọ́ọ̀dù bíi mélòó kan tí wọ́n kó pọ̀ ni èèkàn. Kò sẹ́ni tí kò lè wọ ilé yìí lọ́jọ́ Àìkú. Wákàtí méjì ni ìsìn, búrẹ́dì àti omi ni wọ́n ń gbé káàkiri dípò wáìnì, igbá ọrẹ kì í kọjá. Bí ẹ bá ń retí ìlù àti àtẹ́wọ́, ẹ ó jókòó pẹ́.

Tẹ́mpìlì kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú rárá, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Kò sí ìwàásù níbẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀: ìrìbọmi tí alààyè ń ṣe lórúkọ òkú, nínú adágún kan tó jókòó lórí ẹ̀yìn ère màlúù méjìlá, májẹ̀mú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń pè ní endowment, àti èdídì, èyí tí wọ́n fi ń so tọkọtaya àti ọmọ wọn pọ̀ títí ayérayé. Aṣọ funfun ni gbogbo wọn ń wọ̀ nínú ibẹ̀.

Ọmọ ìjọ pàápàá kì í ṣàdédé wọlé. Káàdì kékeré kan wà, ìkaniyẹ tẹ́mpìlì. Bíṣọ́ọ̀pù wọ́ọ̀dù á jókòó ti ẹni náà, á bi í ní àwọn ìbéèrè kan tó jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan nínú àjọ ààrẹ èèkàn á tún bi í ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń bi í, ìdámẹ́wàá wà níbẹ̀, ìwà mímọ́ láàárín ọkùnrin àti obìnrin wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọtí, tábà, kọfí àti tíì. Ọdún méjì ni káàdì náà ń lò. Àwọn ọ̀dọ́ ń gba tiwọn láti oṣù kìn-ín-ní ọdún tí wọ́n máa pé méjìlá, ṣùgbọ́n ìrìbọmi nìkan ni tiwọn wà fún. Lẹ́nu ọ̀nà, òṣìṣẹ́ kan á fi ẹ̀rọ yẹ káàdì náà wò. Ohun tó sábà ń dá ọmọ ìjọ padà níbẹ̀ ni pé káàdì ti kọjá ọjọ́, tàbí pé wọ́n ti bu ọwọ́ lù ú ṣùgbọ́n èèkàn kò tíì ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹbí, ìyẹn máa ń dùn wọ́n wọra.

Àlejò ńkọ́? Ìgbà kan ṣoṣo ni ààyè yín: nígbà tí ilé bá parí tán, kí wọ́n tó yà á sí mímọ́. Wọ́n á ṣí i fún gbogbo ayé fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á fi ọ̀rá bo bàtà yín, wọ́n á mú yín yíká inú rẹ̀ láti yàrá dé yàrá. Ẹ kò ní ya fọ́tò nínú ilé. Bí wọ́n bá ti yà á sí mímọ́ tán, ó parí nìyẹn, àyàfi bí wọ́n bá tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú tí wọ́n tún ṣí i. Nítorí náà, bí ẹ kò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, ẹ kọ́kọ́ wo èwo nínú àwọn tuntun ló máa ṣílé lásìkò tí ẹ fẹ́ lọ. Utah kì í pẹ́ kó tó ní òmíràn.

Ọgbà tó yí tẹ́mpìlì ká kò ní ìdènà. Ẹ rìn ín, ẹ ya fọ́tò, ẹ jókòó. Kò sẹ́ni tó máa lé yín.

Bíríkìlà Àgbà:

Ìyá Sandy ti parí ti ẹnu ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n mú ti ìkọ́lé tẹ́mpìlì Salt Lake.

Oṣù keje ọdún 1847 ni Brigham Young, olórí ìjọ náà nígbà yẹn, tọ́ka ilẹ̀ náà, ọjọ́ díẹ̀ péré lẹ́yìn tí àwọn tó ṣáájú wọ àfonífojì Salt Lake. Ọjọ́ 14 oṣù kejì 1853 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ́ kan ilẹ̀, ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 1893 ni Wilford Woodruff, ààrẹ ìjọ nígbà náà, yà á sí mímọ́. Òun ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, òun ló parí kẹ́yìn: St. George ti parí ní 1877, Logan ní 1884, Manti ní 1888, kí ti olú-ìlú tó parí.

Ohun tó fà á ju ẹyọ kan lọ. Ní 1858, ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ń bọ̀ wá sí Utah, ni wọ́n bá fi iyẹ̀pẹ̀ bo ìpìlẹ̀ tí wọ́n ti tẹ́, wọ́n sì tu ojú rẹ̀ bí oko kí ẹni tó bá rí i lè rò pé ilẹ̀ àgbàdo lásán ni. Nígbà tí wọ́n tún hú u jáde, wọ́n rí i pé òkúta yanrìn tí wọ́n fi ṣe é ti ń sán. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ni wọ́n ṣẹ́ kúrò tí wọ́n tún ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti òkúta. Little Cottonwood Canyon ni wọ́n ti ń gé e, nǹkan bíi 20 máìlì sí ibi iṣẹ́. Màlúù ló ń fà á, òkúta ńlá kan lè gbà tó ọjọ́ mẹ́rin lójú ọ̀nà kó tó dé. Ọdún 1873 ni ọ̀nà rélùwéè dé ibi òkúta, ìgbà náà ni ògiri tó bẹ̀rẹ̀ sí í ga wàràwàrà. Ní àwọn ọdún 1880, ẹjọ́ ìyàwó púpọ̀ àti dúkìá ìjọ tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé tún dá kún un.

Ògiri náà nípọn ní ẹsẹ̀ bàtà 9 nísàlẹ̀, ó wá fẹ́lẹ́ sí 6 lókè. Ilé gogoro àárín ní ìlà-oòrùn ga ní ẹsẹ̀ bàtà 210. Ẹ wo bó ti wúwo tó, kí ẹ sì wá gbọ́ èyí: kò sí irin nínú rẹ̀. Òkúta lórí òkúta ni, pẹ̀lú àpòrọ́ ẹfun láàárín. Ilé tó wúwo bẹ́ẹ̀ kì í bẹ̀rù ìjì, ilẹ̀ tó ń mì ló ń bẹ̀rù. Ibi kan tí àpáta abẹ́ ilẹ̀ ti ya, tí wọ́n ń pè ní Wasatch Fault, gba ẹ̀gbẹ́ ìlú náà kọjá, àfonífojì fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún àtijọ́, amọ̀ àti yanrìn rírọ̀ tó máa ń mú kí mímì náà le sí i. Bí ilẹ̀ bá fa ìsàlẹ̀ ilé lọ sápá kan, ìwúwo òkè kò ní fẹ́ tẹ̀ lé e. Àárín ìsopọ̀ òkúta ni yóò ti ya, àwọn ilé ṣóńṣó orí rẹ̀ yóò sì jù bí ìrù ẹṣin.

Ìyẹn ni wọ́n fi tì í ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá 2019. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́rìí: ọjọ́ 18 oṣù kẹta 2020, ìmìtìtì tó jẹ́ 5.7 mi Magna, ìlú tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Salt Lake. Kàkàkí bọ́ lọ́wọ́ ère áńgẹ́lì Moroni tó wà lórí ilé gogoro, àwọn òkúta kéékèèké kan sì yẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n wà. Ère náà ga ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ààbọ̀, bàbà tí wọ́n fi wúrà bò ni. Cyrus Dallin tó gbẹ́ ẹ kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n tún un ṣe, oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n dá a padà sókè.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lábẹ́ ilé náà nìyí, ó sì yẹ kí gbogbo bíríkìlà mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbẹ́ kòtò yí ilé ká, wọ́n fi irin àti kọnkéré gbá ẹ̀gbẹ́ kòtò náà mú kó má baà ya. Wọ́n wá ń ti páìpù irin ńlá gba abẹ́ ìpìlẹ̀ àtijọ́ kọjá, wọ́n ń kó iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ jáde, wọ́n ń fi irin àti kọnkéré kún un. Bí wọ́n bá parí ọ̀kan ni wọ́n tó ń kan èkejì, torí ẹni bá gbẹ́ gbogbo abẹ́ ilé lẹ́ẹ̀kan náà, orí ara rẹ̀ ni yóò wó o sí. Wọ́n da bíìmù kọnkéré sí tinú tìta ìpìlẹ̀ òkúta, wọ́n fi wáyà irin tí wọ́n fà le fún wọn mọ́ra bí ẹni di igi. Ìpìlẹ̀ tuntun méjì ló wá wà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, timùtìmù 98 tí ilé jókòó lé, tí wọ́n ń pè ní base isolator, sì wà láàárín wọn. Bí ilẹ̀ bá mì, ti ìsàlẹ̀ ni yóò lọ tí yóò bọ̀, ti òkè yóò máa rọra tẹ̀ lé e. Ẹ ronú kan ẹni tó gbé igbá omi sórí òṣùká: òun ń lọ, omi kò dànù. Wọ́n tún fi àyè sílẹ̀ yí ilé ká kó má baà kọlu ògiri kòtò. Lókè, wọ́n lu ihò láti orí ògiri lọ dé ìpìlẹ̀, wọ́n fi wáyà irin sí i, wọ́n fà á le. Wọ́n sì fi irin tuntun so òrùlé mọ́ ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún iṣẹ́ náà. Ó kọjá bẹ́ẹ̀, ohun tó sì fà á ni pé nígbà tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ kúrò, ìpìlẹ̀ àwọn baba wọn ní àbùkù ju bí wọ́n ti rò lọ. Òkúta àtijọ́ kì í sọ ti inú rẹ̀ títí ènìyàn yóò fi gbẹ́ ẹ dé.

Wọn kò dá nǹkan ọ̀hún sílẹ̀ ní Utah o. Ilé ìjọba ìlú Salt Lake tí wọ́n ń pè ní City and County Building ti gba irú timùtìmù bẹ́ẹ̀ ní 1989, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà sì ti gba 265. Bí ẹ bá fẹ́ rí bó ṣe rí lójú, ẹ lọ síbẹ̀.

Dérìn:

Bíríkìlà Àgbà, ẹ ṣeun. Ẹ kò pe òkúta náà lórúkọ, ẹ jẹ́ kí n pè é kí ẹlòmíì tó wá pè é ní granite. Gbogbo ìwé ìrìn-àjò ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ òkúta ní quartz monzonite ni. Sójú lásán, ìyàtọ̀ kò sí.

Èkejì: láti 2018 ni ààrẹ ìjọ nígbà náà, Russell M. Nelson, ti ní kí wọ́n yé lo "Mọ́mọ́nì". Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn ni orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bá àlejò jà lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń bá òṣìṣẹ́ tẹ́mpìlì sọ̀rọ̀, orúkọ kíkún ni kí ẹ lò.

Awakọ̀ I-15:

Ti ọ̀nà ni tèmi. Tẹ́mpìlì tó ń ṣiṣẹ́ ní Utah ti lé ní 20. Bí ẹ bá ka àwọn tí wọ́n ń kọ́, àwọn tí wọ́n ń tún ṣe àti àwọn tí wọ́n kéde, ó lé ní 30. Kò sí ìpínlẹ̀ míì ní Amẹ́ríkà tó sún mọ́ ọn. Púpọ̀ nínú wọn wà lẹ́bàá ọ̀nà I-15, láti àríwá dé gúúsù, torí ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń gbé. Ẹ má gbìyànjú láti rí gbogbo wọn. Àwọn tó dé lẹ́yìn 2000 jọra wọn, bí ẹ bá ti rí méjì, ẹ ti rí mẹ́wàá.

Ọjọ́ kìn-ín-ní, Salt Lake City fúnra rẹ̀. Bí tẹ́mpìlì bá ṣì wà ní títì, ẹ wọ Tabernacle, gbọ̀ngàn ìpàdé àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun kò ní ìdènà. Ọdún 1867 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó. Òrùlé rẹ̀ rí bí igbá ẹ̀yìn ìjàpá, kò sí òpó kankan láàárín. Igi ni wọ́n hun, wọ́n fi èèkàn igi kàn án mọ́ra, níbi tí igi bá ti sán, awọ màlúù tútù ni wọ́n wé mọ́ ọn, awọ náà gbẹ, ó sì fún un pinpin. Dùùrù inú rẹ̀ ní páìpù 11,623. Ẹ jókòó sẹ́yìn pátápátá kí wọ́n ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀ níwájú, ẹ ó gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kejì, ẹ kọjú sí àríwá, Logan, bíi 80 máìlì. Ìta rẹ̀ ni kí ẹ wò. Inú rẹ̀ àtijọ́, wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ jáde láàárín 1976 sí 1979, ìwọ̀nba ògiri ni ti àtijọ́. Àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà kò tíì dárí ìyẹn jì wọ́n.

Ọjọ́ kẹta, Provo, bíi 45 máìlì sí gúúsù. Níbẹ̀ ni tẹ́mpìlì tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo wọn wà, Provo City Center. Ilé ìpàdé àtijọ́ ni, iná jó o ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá 2010. Wọ́n gbé gílóòbù oníná gbígbóná kan sórí àpótí igi nínú àjà, igi gbóná títí ó fi gbiná. Bí ilẹ̀ fi máa mọ́, ògiri bíríkì nìkan ló kù. Dípò kí wọ́n wó o, wọ́n fi òpó irin gbé ògiri náà dúró sáfẹ́fẹ́, wọ́n gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ jìn tó ilé alájà méjì, wọ́n wá kọ́ ilé tuntun sínú awọ ilé àtijọ́. Oṣù kẹta 2016 ni wọ́n yà á sí mímọ́. Tẹ́mpìlì kejì tó wà ní Provo, ti 1972, ẹ má wá a: 2024 ni wọ́n tì í, wọ́n wó o láti kọ́ òmíràn. Ìbejì rẹ̀ ní Ogden ti yí padà ṣáájú, 2014 ni wọ́n yà á sí mímọ́ padà.

Láti Provo ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ sí Manti kí ilẹ̀ tó ṣú. Orí òkè ló wà, òkúta ẹfun aláwọ̀ wàrà tí wọ́n gé lára òkè náà gan-an ni wọ́n fi kọ́ ọ, ẹ ó ti máa rí i láti máìlì púpọ̀. Inú rẹ̀ ní àkàsọ̀ lílọ́ méjì tí kò ní òpó àárín. Àwòrán ara ògiri tí Minerva Teichert kùn síbẹ̀ fẹ́ di ohun ìgbàgbé ní 2021, ìjọ ní àwọn máa kó o kúrò. Ariwo pọ̀, wọ́n yí i padà. Àwọn àwòrán ti Salt Lake kò rí irú oore bẹ́ẹ̀, wọ́n ti lọ.

Ọjọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún ni ti St. George, bíi 300 máìlì sí Salt Lake. Ẹ béèrè èyí tó tó wákàtí mẹ́rin, òun ni mo máa dá lábàá. Ilẹ̀ àbàtà ni Brigham Young ní kí wọ́n kọ́ ọ sí. Omi ń jáde bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n wá àgbá ìbọn àtijọ́ kan, wọ́n fi òjé kún un, wọ́n ń fi okùn àti ẹṣin gbé e sókè, wọ́n ń jù ú sílẹ̀ láti fi gún òkúta dúdú tí òkè oníná pọ̀ jáde wọ inú ẹrẹ̀, títí ilẹ̀ fi le. Òkúta pupa ni ògiri, wọ́n fi ẹfun rẹ́ ẹ funfun. Brigham Young kò fẹ́ràn ilé gogoro rẹ̀, ó ní ó kúrú. Àwọn ará ìlú kò yí i padà. Ó kú ní oṣù kẹjọ 1877, nígbà tó di 1878, àrá sán ilé gogoro náà, wọ́n sì kọ́ èyí tó ga jù ú lọ. Ẹ̀yin ọmọ Ṣàngó, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ.

Bí àyè bá ṣẹ́ kù: Vernal ní ìlà-oòrùn, ilé ìpàdé àtijọ́ tí wọ́n sọ di tẹ́mpìlì ní 1997. Monticello ní gúúsù ìlà-oòrùn, 1998, òun ni àkọ́kọ́ nínú àwọn kékeré tí ìjọ wá tàn ká gbogbo ayé. Ère Moroni tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí rẹ̀ funfun, kò hàn bí ìkùukùu bá wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi aláwọ̀ wúrà rọ́pò rẹ̀. Ó jìnnà o. Ẹ má fi kún ọjọ́ márùn-ún yẹn.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹ̀gbá:

Ẹ dákun, ti ìgbéyàwó tí Ìyá Sandy fẹnu bà. Ṣé òótọ́ ni pé bí ọmọ mi bá fẹ́ ọmọ ìjọ yìí, tí èmi kò sí nínú ìjọ, n kò ní rí ibi tí wọ́n ti ń so wọ́n pọ̀? Ìyá ìyàwó kẹ̀? Ìlédì Ògbóni wo nìyẹn?

Ìyá Sandy:

Àbẹ̀kẹ́ mi, òótọ́ ni. Yàrá èdídì, ẹni tó ní ìkaniyẹ lọ́wọ́ nìkan ló ń wọ̀ ọ́, ìyá tàbí bàbá kò yàtọ̀. Àwọn fúnra wọn kò fẹ́ kí ènìyàn pè é ní awo, wọ́n ní ohun mímọ́ ni. Ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta kò ní rí ìyàtọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ó ti rọrùn ju ti àtijọ́ lọ. Tẹ́lẹ̀, ní Amẹ́ríkà, bí tọkọtaya bá kọ́kọ́ ṣe ìgbéyàwó níta kí gbogbo ẹbí lè rí i, wọ́n á dúró ọdún kan gbáko kí wọ́n tó lè gba èdídì. Púpọ̀ ń tìtorí ìyẹn fi òbí sílẹ̀ níta. Oṣù karùn-ún 2019 ni wọ́n fagi lé ọdún kan yẹn. Ní báyìí, wọ́n lè ṣe ìdána lọ́jọ́ Ẹtì, kí alága ìjókòó àti alága ìdúró ná án tán, kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó tó bófin mu níwájú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sì gba èdídì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n gba ọjọ́ tẹ́mpìlì ná, kí wọ́n tó wá máa wá ibi tí ìyá máa dúró sí.

Kọ́lá Onítàn:

Ó yà mí lẹ́nu pé a ti dé ìhín, kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan ti àwa aláwọ̀ dúdú. Ọmọ Ìrágbìjí, ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó dúró ya fọ́tò.

Ní Utah gan-an, níwájú àwọn aṣòfin, ní 1852, ni Brigham Young ti kéde pé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kò lè gba oyè àlùfáà ìjọ. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé ọkùnrin àti obìnrin aláwọ̀ dúdú kò lè gba endowment tàbí èdídì nínú àwọn ilé tí ẹ ń lọ wò yìí. Jane Manning James, obìnrin dúdú tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé Utah, bẹ̀bẹ̀ léraléra fún endowment. Wọn kò fún un títí ó fi kú ní 1908. Oṣù kẹfà 1978 ni ìjọ mú òfin náà kúrò. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti ń ṣe ìrìbọmi ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń kọ lẹ́tà sí Salt Lake tipẹ́tipẹ́. Tẹ́mpìlì Nàìjíríà àkọ́kọ́, ti Aba, oṣù kẹjọ 2005 ni wọ́n yà á sí mímọ́. Ti Èkó, 2018 ni wọ́n kéde rẹ̀.

Ohun kan tún kù tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fò: FamilySearch Library, ilé ìkàwé ìtàn ìdílé ti ìjọ náà, ní òdìkejì títì sí ọgbà tẹ́mpìlì, ní ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ kò nílò káàdì kankan. Torí ìrìbọmi fún òkú ni wọ́n ṣe ń kó orúkọ ìdílé gbogbo ayé jọ, Nàìjíríà sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń gba ìtàn ìran sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Bí ẹ bá máa wá ìdílé yín, ẹ kọ orúkọ ní gbogbo ọ̀nà tó ṣeé kọ, láìfi àmì ohùn sí i, kí ẹ sì fi orúkọ oríkì àti orúkọ agboolé kún un. Àkọsílẹ̀ púpọ̀ ni kò mọ ìyàtọ̀ láàárín orúkọ bàbá àti orúkọ ìdílé. Ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù pé wọ́n á ṣe ìrìbọmi fún bàbá òun láìbéèrè: ìlànà wọn ni pé bí a bá bí olóògbé náà láàárín 110 ọdún sẹ́yìn, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù. Àwọn kan máa ń rú u.

Ọmọ Ìrágbìjí:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ìbéèrè kékeré méjì ló kù. Ìgbà wo ni Salt Lake máa ṣílé fún àlejò? Àti pé, mo wo àdírẹ́sì òtẹ́ẹ̀lì kan, wọ́n kọ "300 South 200 West". Ojú títì wo nìyẹn?

Awakọ̀ I-15:

Ìjọ ti kéde pé láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá 2027 ni wọn yóò fi ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Bí ẹ bá lè sún ìrìn yín sí àárín ìgbà yẹn, ẹ sún un. Àpéjọ ńlá wọn máa ń bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá, Conference Center tó wà lódìkejì sì ń gba 21,000 ènìyàn, nítorí náà ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ méjèèjì yẹn, owó òtẹ́ẹ̀lì á ga. Ẹ lo ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú.

Ti àdírẹ́sì: tẹ́mpìlì ni òdo. Igun gúúsù ìlà-oòrùn ọgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo títì ìlú, òkúta àmì náà ṣì wà níbẹ̀. 300 South ni títì kẹta sí gúúsù tẹ́mpìlì, 200 West ni títì kejì sí ìwọ̀-oòrùn. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni òtẹ́ẹ̀lì yín. Ẹ má fi ojú Èkó wo "títì mẹ́ta" o. Títì kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 132, wọ́n ṣe é kí kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà lè yí padà níbẹ̀, àgbàlá tó wà láàárín títì méjì sì tó éékà mẹ́wàá. Láti òtẹ́ẹ̀lì yẹn dé ọgbà tẹ́mpìlì á tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láti pápákọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ ojú irin TRAX, ti ìlà aláwọ̀ ewé, ló máa gbé yín dé ibùdókọ̀ Temple Square, ẹ kò tíì nílò mọ́tò àyálò lọ́jọ́ kìn-ín-ní.